Kókó Tí Ẹ Ń Ta Nínú Òkùnkùn

Màámi, ìyá mi àtàtà,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo mọ̀ pé ó ti kọjá ọjọ́ mẹ́ta, ṣùgbọ́n báwo ni kí n tún ṣe kí yín? Òjò ti ń rọ̀ ní Okokomaiko láti àárọ̀. Kò sí kọ́sítọ́mà kankan ní sọ́ọ̀bù. Ẹni tí mo fẹ́ dirun fún lónìí ti pè mí pé omi ti kún iwájú ilé àwọn, òun ò lè jáde. Ni mo bá mú bírò. Ọ̀rọ̀ kan wà tó ń jà mí lọ́kàn, ẹ̀yin nìkan ló lè dá mi lóhùn, ẹ̀yin náà sì rèé tí ẹ ti dákẹ́. Síbẹ̀, màá bi yín.

Tí ẹ bá ń so ìwọ̀ mọ́ okùn, ẹ̀ẹ̀melòó lẹ máa ń yí okùn náà mọ́ ara rẹ̀?

Ẹ má rẹ́rìn-ín. Mo mọ̀ pé irun ni mo yàn. Ẹ̀yin náà lẹ mú mi lọ sọ́dọ̀ ọ̀gá tó kọ́ mi, ẹ sì sọ fún un pé ọwọ́ ọmọ yìí yá, kí ó má fi ìyà jẹ ẹ́. N kò rò pé ọjọ́ kan á wà tí n óò jókòó sẹ́nu ọ̀nà sọ́ọ̀bù onírun, tí n óò máa ronú nípa ìwọ̀ ẹja. Àmọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyẹn.

Ọ̀dọ̀ Bọ̀ọ̀dá Ràṣídì, àbúrò yín, ni ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn tí ẹ lọ, wọn ò fi odò sílẹ̀. Ẹ rántí bí ẹ ṣe ń ṣe é: àwọn ló ń wa ọkọ̀, ẹ̀yin lẹ ń so ìwọ̀, tí ẹ sì ń fi edé sí i lẹ́nu. Mo rò pé bí ẹ ṣe pín iṣẹ́ láàárín ara yín ni. Nígbà tí ẹ ò sí mọ́, iṣẹ́ méjèèjì wá di ti wọn.

Nígbà tó yá, Sàkírù ọmọ wọn pè mí láti Alaba, níbi tó ti ń ta tẹlifíṣọ̀n. Ó ní bàbá òun ń lọ sódò, agbọ̀n òfìfo ni wọ́n ń gbé bọ̀. Wọ́n ní ẹja ti tán nínú ọ̀sà. Wọ́n ní àwọn tó ń wa yanrìn ló lé wọn lọ. Ní ọjọ́ mìíràn, wọ́n ní ojú oró tó bo omi ló fà á. Sàkírù ní kí n jọ̀ọ́, kí n bá òun bẹ̀ wọ́n kí wọ́n ta ọkọ̀ náà, kí wọ́n jókòó sílé, kí wọ́n sinmi.

Mo lọ ní ọjọ́ Sọ́ńdè. Mo wọ kẹ̀kẹ́ ní Ìyànà Ìbà, mo sì bá Bọ̀ọ̀dá ní èbúté Ojo lábẹ́ igi fúrúùtù, wọ́n tẹ́ okùn sílẹ̀ níwájú wọn. Mo kúnlẹ̀ kí wọn, wọ́n bi mí léèrè àwọn ọmọ, mo sì jókòó tì wọ́n kí n lè máa bá wọn ká okùn náà. Ibi tí mo ti ń ká a ni ojú mi ti dá lé ẹnu okùn tí ìwọ̀ ti kúrò lára rẹ̀. Ó pọ̀, Màámi. Gbogbo ẹnu wọn ló ká kóróbójó bí irun ọmọ tuntun.

Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi ní nǹkan yẹn, bóyá ẹ tilẹ̀ ti gbàgbé. Ẹ ní tí ẹja bá fi eyín gé okùn, ẹnu okùn náà á rí ṣákaṣàka. Tí agbára bá pọ̀ jù fún un tó fi já, á fà gùn, á tín-ín-rín, á sì funfun díẹ̀. Ṣùgbọ́n tó bá ká bí irun, kò sẹ́ni tó já a. Kókó ló tú. Ẹ ní okùn kì í purọ́, kí èèyàn ṣáà ti bi í.

Mo bi í, ó sì dá mi lóhùn. Ẹja ò tán nínú ọ̀sà. Ẹja ń jẹun, ó ń gbé ìwọ̀ mì, kókó wá ń yọ́ tú, ẹja sì ń gbé ìwọ̀ lọ.

Mo gbójú sókè wo Bọ̀ọ̀dá. Wọ́n gbé ìwọ̀ kan sókè sí ojú ọ̀run, wọ́n ń wá ojú rẹ̀ kí wọ́n lè ti okùn bọ̀ ọ́. Okùn náà kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Wọ́n fà á sún mọ́ imú, ó tún kọjá lápá kejì. Wọ́n rí i pé mò ń wo àwọn.

Wọ́n ní, "Àwọn ìwọ̀ ayé ìsinyìí. Wọn ò ṣe ojú sí wọn dáadáa mọ́."

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Bọ̀ọ̀dá."

Kí ni ẹ̀yin ì bá sọ? Ṣé ẹ ti mọ̀ kí ẹ tó lọ? Ṣé ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ẹ̀yin lẹ ń so gbogbo ìwọ̀, tí ẹ ò sì jẹ́ kí ó dà bíi pé ẹ ń ràn wọ́n lọ́wọ́?

Èmi àti Sàkírù mú wọn lọ sí ọsibítù ojú. Dókítà náà rọra sọ ọ́. Ó ní ojú tó ti lọ kò ní padà, àmọ́ tí wọ́n bá ń kán oògùn sí i déédéé, èyí tó kù lè dúró. Bọ̀ọ̀dá ń gbọ́ ọ bí ẹni pé ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn ni. Nígbà tí a wọ mọ́tò ni wọ́n tó sọ̀rọ̀ sí mi létí.

"Ṣé ó ní kí n má lọ sódò mọ́ ni?"

"Kò sọ bẹ́ẹ̀."

"Ó dáa. Ẹ má padà lọ bi í."

Ilé ni ìjà ti wá bẹ́. Sàkírù ò jókòó, ó dúró sáàárín yàrá. Ó ní, "Bàbá, ẹ ta ọkọ̀ yìí. Kí ló kù tí ẹ fẹ́ gbà lọ́wọ́ omi? Ṣé kí wọ́n wá pè mí ní Alaba lọ́jọ́ kan pé wọ́n rí ọkọ̀, wọn ò rí yín ni?"

Bọ̀ọ̀dá ní, "Mo mọ ọ̀nà inú ọ̀sà yìí bí mo ṣe mọ ọ̀nà ẹnu mi. Ojú kọ́ ni mo fi ń wa ọkọ̀. Tí mo bá wá jókòó sílé, iṣẹ́ wo lo fẹ́ kí n máa ṣe? Kí n máa ka mọ́tò tó ń lọ sí Badagry?"

"Ẹ sinmi ni, Bàbá. Àwọn ẹgbẹ́ yín ń sinmi."

"Àwọn ẹgbẹ́ mi tó ń sinmi ńkọ́? Ṣebí inú sàréè ni wọ́n ti ń sinmi."

Sàkírù gbójú kúrò lára wọn. Mo rí i pé omi lé sí i lójú. Kì í ṣe pé ó fẹ́ gba nǹkan kan lọ́wọ́ bàbá rẹ̀, Màámi. Ẹ̀rù ló ń bà á. Mi ò tíì ronú lé ọ̀rọ̀ náà kí n tó la ẹnu.

Mo ní, "Bọ̀ọ̀dá, ẹ kó ìwọ̀ àti okùn fún mi. Èmi á máa so ó. Kí ọ̀rẹ́ yín ará Ègùn tó wà ní òdìkejì omi sì máa bá yín wọ ọkọ̀, kí ẹ má dá lọ mọ́."

Àwọn méjèèjì wò mí. Bọ̀ọ̀dá ní, "Ìwọ?"

"Ṣebí ọmọ ẹ̀gbọ́n yín ni mí."

Bí mo ṣe gbé àpò ìwọ̀ dé Okokomaiko nìyẹn, tí mo tú u sórí tábìlì láàárín kóòmù àti ìpara irun. Ibẹ̀ ni mo ti wá rí i pé n kò mọ nǹkan kan. Mo rántí ọwọ́ yín dáadáa. Mo rántí èékánná àtàǹpàkò yín tó sán, mo rántí bí ẹ ṣe máa ń fi ìka kékeré di okùn mú. Àmọ́ ohun tí ọwọ́ yẹn ń ṣe gan-an, ṣe ló ń yọ́ kúrò lọ́kàn mi bí mo bá ti fẹ́ mú un.

Mo bẹ̀rẹ̀ láti orí ohun tí mo mọ̀. Mo so ìwọ̀ àkọ́kọ́ bí mo ṣe ń so ìdí òwú tí a fi ń kó irun. Mo fi okùn náà kọ́ igi òrùlé fàráńdà, mo gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì omi kọ́ ìwọ̀ náà lẹ́nu, kí n lè mọ̀ bóyá ó lè gbé e. Òwú dúdú ni mo kọ́kọ́ lò. Ó dì í mú ṣinṣin. Inú mi dùn. Mo fi okùn ọ̀rá rọ́pò rẹ̀, èyí tó ń dán bíi dígí, tí Bọ̀ọ̀dá ń lò. Mo ta kókó kan náà. Bọ́kẹ́ẹ̀tì dúró díẹ̀, ó rọra ń sọ̀kalẹ̀ bí ẹni tó ń tòògbé, ó ṣe gbàà sílẹ̀.

Ìyàwó ológun omi kan láti Navy Town wà lórí àga, mo ti di irun rẹ̀ dé ìdajì. Gbogbo omi náà dà sí bàtà rẹ̀.

Ó ní, "Áà! Ìyá onírun, ṣé irun ni mo wá ṣe ni àbí ìwẹ̀?"

"Ẹ má bínú. Ìwọ̀ ni mò ń dán wò."

"Ìwọ̀ kẹ̀? Ẹja lẹ fẹ́ fi irun mi mú?"

Mo ṣàlàyé fún un. Mo rò pé á bínú lọ, ṣùgbọ́n ṣe ló bọ́ bàtà rẹ̀ sílẹ̀, tó bẹ̀rẹ̀ sí í bu omi sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì. Ó ní, "Ọkọ mi ń so ọkọ̀ ogun mọ́lẹ̀, àmọ́ kò lè so okùn bàtà ọmọ rẹ̀ kó má tú. Ẹ jẹ́ ká rí i." Nínú ọ̀sán yẹn, irun rẹ̀ wà ní ìdajì, a jọ ń ju bọ́kẹ́ẹ̀tì sílẹ̀, a sì ń rẹ́rìn-ín.

Ó yé mi díẹ̀díẹ̀. Òwú ní ara gbìn-ìn-gbìn, ó ń di ara rẹ̀ mú. Okùn ọ̀rá kò ní nǹkan tó máa fi di ẹnikẹ́ni mú. Kò yàtọ̀ sí irun. Tí mo bá ṣe àtáṣímẹ́ǹtì mọ́ irun tí wọn ò fi rílásà kàn, á lẹ̀ mọ́ ọn títí. Tí irun náà bá ti gba rílásà, tó ń dán, mo ní láti lọ́ ọ ju bẹ́ẹ̀ lọ kó tó dúró. Mo wá ṣe okùn ọ̀rá bẹ́ẹ̀. Mo tì í bọ ojú ìwọ̀, mo lọ́ ẹnu rẹ̀ mọ́ ara rẹ̀ léraléra, mo dá a padà gba inú ihò kékeré tó wà lẹ́bàá ojú ìwọ̀, mo fà á. Bí mo ṣe parí rẹ̀, mo rí i pé ó jọ tiyín. Èyí tí ẹ ń ta gan-an ni.

Kò tú mọ́. Ṣùgbọ́n bí omi ṣe ń pọ̀ sí i, ó já. Kò já láàárín okùn, ibi kókó gan-an ló ti já. Èyí yà mí lẹ́nu. Kí ló dé tó jẹ́ ibi tí okùn ti ki jù ló ti já?

Ìgbà yẹn ni mo rántí ẹnu yín. Kí ẹ tó fa kókó le, ẹ máa ń gbé e sẹ́nu. Láti kékeré ni mo ti rò pé Bísímílà lẹ ń ṣe sí i. Mo tilẹ̀ sọ fún àwọn ọmọ kéú ẹgbẹ́ mi pé ìyá mi ń gbàdúrà sí ìwọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo ta kókó kan, mo fà á ní gbígbẹ, mo sì gbé e kan ètè mi kíá. Ó gbóná! Mo ta òmíràn, mo fi itọ́ tutù ú, mo fà á. Ó yọ̀ wọ ara rẹ̀ jẹ́jẹ́, kò gbóná rárá. Mo gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì kọ́ ọ, ìyàwó ológun omi bu omi kún un dé ẹnu, kò mira.

Àṣé bí okùn ọ̀rá bá ń ha ara rẹ̀ nígbà tí a ń fà á, ooru yẹn ló ń pa á. Màámi, ṣé ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀? Àbí bí ẹni tó kọ́ yín ṣe ń ṣe ni ẹ ṣe ń ṣe, láìbéèrè? Ta tilẹ̀ ni ẹni náà? Àbí Bísímílà ni lóòótọ́, tí itọ́ kàn tẹ̀ lé e jáde? Mo fẹ́ràn láti rò pé méjèèjì ni.

Mo so ìwọ̀ wọ̀nyẹn, mo sì kó wọn lọ sí Ojo. Lọ́sẹ̀ yẹn, Sàkírù gbé ẹja ọ̀bọ̀kún wá fún mi nínú ike, ó tutù, ojú rẹ̀ ń dán. Ó ní bàbá òun ń kọrin nílé. Mo fi ata sè é, gbogbo ilé sì ń pọ́n ìka lá. Mo rò pé ọ̀rọ̀ ti parí síbẹ̀.

Kò parí. Ẹja kúta kan fi eyín gé okùn mọ́ wọn lọ́wọ́ láàárín omi. Ẹ mọ bí eyín ẹja yẹn ṣe rí. Wọn ò lè so òmíràn, ọ̀rẹ́ wọn sì di àjẹ̀ tó fi ń wa ọkọ̀ mú nínú ìgbì, ọwọ́ rẹ̀ ò ráyè. Wọ́n yí ọkọ̀ padà sílé nígbà tí ẹja ń jẹ gan-an. Ó tún ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn. Nígbà tí mo dé ibẹ̀ ní Sọ́ńdè, mo bá àwọn ìwọ̀ mi nínú àpò bí mo ṣe kó wọn wá, ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn wọ́n. Bọ̀ọ̀dá jókòó sẹ́nu ilẹ̀kùn.

Mo ní, "Bọ̀ọ̀dá, ẹ ò lọ?"

Wọ́n ní, "Apẹja tí wọ́n ń so ìwọ̀ fún, kí ló fi yàtọ̀ sí ọmọ tí wọ́n ń rọ ẹ̀kọ fún? O ṣeun, ọmọ mi. Kì í ṣe ẹ̀bi rẹ. Jẹ́ kí Sàkírù wá ẹni tó máa rà á."

Wọ́n sọ ọ́ láìbínú. Ìyẹn ló dùn mí jù. Mo rò pé ìrànlọ́wọ́ ni mo ń ṣe, àṣé mo gba ohun tó kù lọ́wọ́ wọn ni, mo sì fi ń jẹ ọ̀bọ̀kún.

Ní ọjọ́ mélòó kan sí i, òjò ṣú ní ọ̀sán, ilẹ̀ ṣókùnkùn, wọ́n sì mú iná lọ. Mo ń dirun lọ. Mò ń bá obìnrin tó wà lọ́wọ́ mi sọ̀rọ̀ nípa owó ilé ìwé àwọn ọmọ. Òun ló dá mi dúró. Ó ní, "Ìyá onírun, ṣé ẹ ń ríran ni? Èmi ò rí ọwọ́ ara mi." Mo wo ọwọ́ mi. Lóòótọ́, n kò rí i. Mo fọwọ́ kan ohun tí mo ti dì, ó tọ́ láti ìdí dé orí.

Mo rọra jókòó. Mo rántí yàrá wa, Màámi. Mo rántí pé tí ẹ bá fẹ́ lọ sódò, kí wọ́n tó pe ìrun àsùbáà ni ẹ ti máa ń jókòó sórí àpótí lẹ́bàá ẹní mi, tí ẹ máa ń so ìwọ̀. Ẹ kì í tan àtùpà. Mo rò pé kẹrosíìnì lẹ ń ṣọ́ lò. Ìwọ̀ ń bọ́ sínú abọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, òkùnkùn sì ṣú dùdù. Kì í ṣe ojú lẹ fi ń so ó!

Mo fi gèlè di ojú mi níbẹ̀, mo mú ìwọ̀. Mo gbìyànjú kókó tí ẹ ń lọ́. Kò ṣeé ṣe. Ihò kékeré tí ẹnu okùn gbọ́dọ̀ gbà padà, ìka mi ò rí i. Mo fi í gún ara mi títí. Nígbà náà ni mo rántí pé ẹ ní kókó mìíràn, èyí tí mo máa ń rò pé ti ọ̀lẹ ni nítorí pé kò ní ọnà. Ẹ ó ṣẹ́ okùn po sí méjì, ẹ ó ti ibi tó ṣẹ́ po yẹn bọ ojú ìwọ̀. Ẹ ó ta á lẹ́ẹ̀kan, bí ìgbà tí èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í so okùn bàtà. Ojóbó gbàgede kan á ṣẹ́kù, ẹ ó mú odidi ìwọ̀ gba inú rẹ̀ kọjá, ẹ ó fi itọ́ kan án, ẹ ó fà á. Kò sí ohun kékeré kankan nínú rẹ̀. Gbogbo rẹ̀ ni ìka lè bá pàdé.

Mo dán an wò. Mo bu omi kún bọ́kẹ́ẹ̀tì, mo fi òkúta lé e. Ọwọ́ bọ́kẹ́ẹ̀tì ló já. Kókó wà níbẹ̀, ó ń fì.

Báwo wá ni èèyàn ṣe ń kọ́ àgbà ní iṣẹ́ tó ti ń ṣe kí wọ́n tó bí i? Mi ò mọ̀ ọ́n sọ. Mo ra ìwọ̀ tí ojú rẹ̀ tóbi díẹ̀, mo lọ sí Ojo, mo jókòó síwájú Bọ̀ọ̀dá, mo fi gèlè di ojú mi, mo bẹ̀rẹ̀ sí í so.

Wọ́n ní, "Kí lo ń ṣe yẹn?"

"Mò ń so ìwọ̀ bí màámi ṣe ń so ó. Àmọ́ ibì kan ń tàsé mọ́ mi lọ́wọ́. Ẹ fọwọ́ kàn án, ẹ bá mi wò ó."

Wọ́n gbà á. Wọ́n fi ìka rìn ín. Wọ́n ní, "Okùn méjì yìí gun ara wọn. Jẹ́ kí wọ́n sùn ti ara wọn." Òótọ́ ni. N kò purọ́ fún wọn, ibẹ̀ ló ń tàsé lóòótọ́. Wọ́n tú u, wọ́n fẹ́ tún un ta. Ojú ìwọ̀ ló kọ́kọ́ yọ wọ́n lẹ́nu. Wọ́n gún àtàǹpàkò, wọ́n ju ìwọ̀ náà sí ògiri. Sàkírù ti dé láti Alaba nígbà yẹn, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà. Mo rò pé á ní kí a fi í sílẹ̀. Ṣe ló jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ pẹ̀lú ṣòkòtò tó fi áyọ́ọ̀nù lọ̀, ó di ojú, ó mú ìwọ̀ kan. Kíá ló ti pariwo, ẹ̀jẹ̀ yọ lọ́wọ́ rẹ̀.

Bọ̀ọ̀dá ní, "Kí ló ń ṣe ọ́? Fi èékánná dí ẹ̀yìn ojú rẹ̀, kí o wá ti okùn náà. Tó bá ti kan èékánná, ó ti kọjá nìyẹn." Wọ́n tún ọ̀rọ̀ náà sọ sí ara wọn, wọ́n mú ìwọ̀ mìíràn, wọ́n ṣe é. Okùn kọjá. Mo gbọ́ èémí wọn.

Ọjọ́ yẹn, àwa mẹ́ta jókòó bí afọ́jú, a ń so ìwọ̀. Ta ló gún ọwọ́ jù? Sàkírù ni.

Nígbà tí omi rọ̀, wọ́n ní kí n wá bá àwọn jáde. N kò tíì wọ ọkọ̀ yẹn láti ìgbà tí ẹ ti lọ. Ọ̀rẹ́ wọn ará Ègùn ló wa ọkọ̀ láti ẹ̀yìn, Bọ̀ọ̀dá wà ní iwájú, èmi wà láàárín níbi tí ẹ máa ń jókòó. A kọjá ojú oró, omi là. Kò pẹ́ tí okùn kan rọ̀. Bọ̀ọ̀dá fà á wálé, ìwọ̀ ti lọ. Wọ́n fọwọ́ kan ẹnu rẹ̀, wọ́n ní, "Ṣákaṣàka. Kúta ni." Ọwọ́ mi ti ń na láti gbà á. Mo fà á padà, mo jókòó lé e.

Wọ́n kọ ojú sí omi gbalasa. Wọ́n ṣẹ́ okùn po, wọ́n fi èékánná dí ojú ìwọ̀, wọ́n tì í, wọ́n ta á, wọ́n mú ìwọ̀ gba inú ojóbó. Wọ́n gbé e sẹ́nu, wọ́n fà á. Wọ́n fi edé sí i, wọ́n jù ú sómi. Ọ̀rẹ́ wọn kàn mí lẹ́yìn pẹ̀lú àjẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín. Ìwọ̀ yẹn ló gbé ẹja ìka wá, ó pupa, ó fẹ̀, ó ń fi ìrù gbá ilẹ̀ ọkọ̀ títí omi fi ta sí wa lójú. Bọ̀ọ̀dá fọwọ́ wá ẹnu rẹ̀. Ìwọ̀ wà níbẹ̀, kókó náà sì wà lórí rẹ̀. Wọ́n ní, "Bá mi yọ ọ́. Èyí fẹ́ gé mi níka." Wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi ń wúkọ́.

Bí a ṣe ń padà bọ̀ ni wọ́n dédé sọ ọ́, láìwẹ̀yìn wò mí.

"Mo bi ẹ̀gbọ́n mi nígbà kan pé kí ló dé tí wọn kì í tan àtùpà tí wọ́n bá ń so ìwọ̀ ní ìdájí. Mo ní ṣé kẹrosíìnì ló tán ni? Wọ́n ní rárá o. Wọ́n ní iná á ba oorun ọmọ àwọn jẹ́."

Màámi, ohun tí mo tìtorí ẹ̀ kọ̀wé sí yín lónìí nìyí. Mi ò sùn. Mo máa ń jí bí ẹ bá ti gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí ẹní. Mo máa ń gbọ́ ìwọ̀ tó bá kan ìwọ̀ nínú abọ́, mo máa ń gbọ́ ọ tí ẹ bá fi ìró bo ẹnu wúkọ́. Mo máa ń di ojú mi pinpin kí ẹ má baà mọ̀, nítorí ó dùn mọ́ mi láti máa gbọ́ yín. Mo wà níbẹ̀ pẹ̀lú yín ní gbogbo ìdájí yẹn.

Kí Ọlọ́run tẹ́ yín sí afẹ́fẹ́ rere.

Èmi ni,
Ọmọ yín tí ẹ rò pé ó ń sùn.